Ọjọ́ Tí Àǹtí Sípánà Dá Bàálù Dúró

Àwọn kan wà tí etí wọn ò wúlò ju ká fi yẹtí kọ́ ọ lọ. Etí Àǹtí Sípánà kì í ṣe irú bẹ́ẹ̀. Ó lè wà nídìí ìkòkò nílé ìdáná rẹ̀, kó máa ro ọbẹ̀, kí bàálù kan gbéra ní ibùdó àwọn ológun òfurufú tó ti ń ṣiṣẹ́, kó sì sọ pé, "Èyí ń fẹ́ pílọ́ọ̀gì tuntun." Àwọn aládùúgbò á fi í rẹ́rìn-ín. Bó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n á rí bàálù náà níbi tí wọ́n gbé e sí, imú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí àwọn ọmọṣẹ́ ń yọ pílọ́ọ̀gì níbẹ̀.

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé ìjọba, ibẹ̀ náà ló sì jókòó sí. Tọmọdé tàgbà ní bárékè, Àǹtí Sípánà ni wọ́n ń pè é, nítorí pé sípánà kékeré kan kì í kúrò nínú àpò àyà rẹ̀, kódà lọ́jọ́ ìsinmi tó bá wọ aṣọ tó dáa. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló fẹ́ fi sípánà ṣe níbi tó ń lọ, á ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú abẹ̀bẹ̀ dání ńkọ́, ṣé ooru ń mú yín ni?"

Ibùdó náà kì í ṣe ojú ogun. Ilé ẹ̀kọ́ ni. Àwọn tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù wà lápá kan, àwọn tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe wà lápá kejì. Àwọn ti apá kìíní máa ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ ò yẹ ẹsẹ̀ wọn. Àwọn ti apá kejì á máa wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà háńgà, ilé onípáànù ràgàjì tí wọ́n ń kó bàálù sí, wọ́n á ní, "Ẹ máa yangàn lọ, ọwọ́ wa náà lẹ ó bọ̀ sí." Ojú ọ̀nà tí bàálù fi ń gbéra wà láàárín wọn, ó gùn, ó dúdú, bí oòrùn bá sì mú, ńṣe ló máa ń dà bíi pé omi wà lórí rẹ̀.

Apá kejì ni Àǹtí Sípánà ti ń kọ́ni, ó sì ní àwọn òfin tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ rẹ̀, kó má rò pé ìparí iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń fọwọ́. "Ṣé ọwọ́ ìdọ̀tí lẹ fi ń gbé ọmọ ọlọ́mọ ni?" Ẹni tó bá ń bínú kò gbọdọ̀ mú irin dání, kó lọ jókòó síta ná títí inú rẹ̀ á fi rọ̀. Ẹni tí nǹkan bá sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú bàálù, ì báà ṣe nọ́ọ̀tì tí kò ju èékánná ìka kékeré lọ, kó pariwo lójú ẹsẹ̀. Tó bá pariwo, kò ní rí ìbáwí kankan. Tó bá fi pamọ́, á rí ojú Àǹtí Sípánà gidi, kò sì sẹ́ni tó ti rí i rí tó fẹ́ tún un rí.

Àmọ́ òfin tó ga ju gbogbo òfin lọ ní ibùdó náà ni òfin ọwọ́. Bàálù kankan kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan àfi bí mẹkáníìkì tó ń tọ́jú rẹ̀ bá dúró níwájú rẹ̀, tó gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe ń dún, tó sì ṣe sàlúútù fún ẹni tó fẹ́ wà á. Sàlúútù yẹn kì í ṣe ìkíni lásán. Ohun tó ń sọ ni pé ara rẹ̀ dá, mo fi í lé ọ lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ méjèèjì ni mẹkáníìkì gbé sókè, tó fi wọ́n dábùú ara wọn lókè orí, a jẹ́ pé bàálù náà kò dá nìyẹn, kò sì ní lọ síbì kankan. Ọ̀gá àgbà ibùdó pàápàá kò láṣẹ láti ní kó lọ. Wọn kì í bi mẹkáníìkì léèrè kí wọ́n tó pa ẹ́ńjìnnì, nítorí ẹ̀mí èèyàn ló rọ̀ mọ́ ọwọ́ yẹn. Àǹtí Sípánà ti dábùú ọwọ́ nígbà mélòó kan láyé rẹ̀, kò sì sí ìgbà kan tí wọn ò rí ohun tó gbọ́.

Àbúrò kan ṣoṣo ló ní. Bàbá wọn ló kọ́kọ́ kú, kò pẹ́ tí àìsàn fi dá ìyá wọn wó. Ọmọbìnrin tí kò tíì gbó ni òun náà nígbà yẹn, àbúrò ò sì tíì lè rìn dáadáa. Lọ́jọ́ tí ìyá fi ọ̀já de ọmọ mọ́ ọn lẹ́yìn fúngbà ìkẹyìn, ó ní, "Má jẹ́ kó ṣubú o." Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá. Kò síyàá tí kì í sọ ọ́ fún ọmọbìnrin tó bá fẹ́ pọn àbúrò. Àmọ́ ìyá yẹn kò tún sọ òmíràn tó yéni mọ́ títí tó fi dákẹ́, ọ̀rọ̀ tí òkú bá sì sọ gbẹ̀yìn kì í tán nínú ẹni bọ̀rọ̀.

Ó wáṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún mọ́tò ṣe létí títì. Gbígbá ilẹ̀ ni wọ́n gbà á fún. Inú táyà ọkọ̀ akẹ́rù ni àbúrò rẹ̀ máa ń sùn sí lọ́sàn-án, wọ́n á fi aṣọ tó mọ́ tẹ́ ẹ fún un, ariwo òòlù ò sì ń jí i. Ẹni tó ń gbálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í na irin sí ọ̀gá, ẹni tó ń na irin sí ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ̀gá tú ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ibùdó òfurufú ń wá àwọn tí yóò kọ́ iṣẹ́, ó lọ dán ara rẹ̀ wò, wọ́n sì mú un. Ó kó ẹrù rẹ̀ dé bárékè pẹ̀lú àpò kan, sítóòfù kan, àti ọmọkùnrin kan tó di etí aṣọ rẹ̀ mú.

Dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ epo kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ ẹ, ọkùnrin tó níwà. Ó ní, "Ìgbà wo ni kí n wá rí àwọn èèyàn rẹ?" Àǹtí Sípánà ní, "Jẹ́ kí ọmọ yìí kọ́kọ́ parí ilé ìwé kékeré." Ọmọ parí ilé ìwé kékeré, ó ní kó jẹ́ kó parí ilé ìwé gíga. Dẹ́rẹ́bà náà dúró títí ẹsẹ̀ fi ro ó, ó bá gbé ẹlòmíràn níyàwó. Títí dòní, bó bá ń wa ọkọ̀ epo kọjá, á tẹ fèrè lẹ́ẹ̀kan, Àǹtí Sípánà á juwọ́ sí i. Kò kábàámọ̀, tàbí ká kúkú sọ pé bó bá kábàámọ̀, kò sọ ọ́ sétí ẹnì kankan.

Ó ti fọkàn sí i pé ọmọ náà á di akọ̀wé, kó máa jókòó sí yàrá tó ní fáànù. Ọmọ tó ti ń gbóhùn bàálù láti kékeré, ta ló sọ fún un pé inú yàrá ló máa fẹ́ jókòó sí? Àfi ìgbà tí wọ́n lẹ orúkọ àwọn tí wọ́n mú láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù mọ́ ara ògiri, tí orúkọ àbúrò wà níbẹ̀. Gbogbo bárékè ń kí i kú oríire. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dáhùn pé ẹ ṣeun, ó wá yọ́ lọ sẹ́yìn háńgà, ó jókòó lórí garawa tó dojú dé, ó sì jẹ́ kí àyà rẹ̀ já dáadáa.

Ọlọ́run tó ń ṣe é, bàálù tó wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ní kí ọmọ náà máa fi kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá àwọn mẹkáníìkì, àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Gíríìsì nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ò mọ́ rí látìgbà èwe, pè é sí kọ̀rọ̀. Ó ní, "Ṣé kí n gbé bàálù yìí fún ẹlòmíràn?"

"Bàbá, ta ni màá fi ọmọ yẹn lé lọ́wọ́?"

Bàbá Gíríìsì mirí. "Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀ o."

Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Níbẹ̀rẹ̀, kò le. Olùkọ́ ló máa ń wà ní ìjókòó kejì, ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ kì í ga, tí àwọn ọmọ ń pè ní Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ torí pé kò sí ohun tí kò ní fi "jẹ́jẹ́" parí. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ni Àǹtí Sípánà ń ṣe sàlúútù fún, àbúrò rẹ̀ kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni. Àmọ́ ọjọ́ kan ń bọ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ọjọ́ tí olùkọ́ á sọ̀ kalẹ̀, á ti ilẹ̀kùn, á ní kó máa lọ. Yóò dá gbéra, yóò yí ibùdó po lẹ́ẹ̀kan, yóò sì dá balẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe èyí kí ìgbìmọ̀ ìdánwò ibùdó tó jókòó, wọ́n á yọ ọ́ kúrò lára àwọn awakọ̀, wọ́n á gbé e lọ sí ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ti ń pín bàtà àti bùláńkẹ́ẹ̀tì. Bàálù tó bá sì fi kọ́ṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ fi lọ, kì í ṣe òmíràn.

Lọ́dún yẹn, ìjì eléruku fẹ́ léraléra, ọjọ́ tí àwọn ọmọ máa dá gbéra ń sún síwájú ṣáá. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni ìgbìmọ̀ máa jókòó. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ náà ti dá lọ, wọ́n ti dá bọ̀. Àbúrò Àǹtí Sípánà nìkan ló kù.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà mọ́ kedere. Ọmọ náà gun bàálù, ó tan ẹ́ńjìnnì. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó fi bẹ́líìtì de ìjókòó tó ṣófo kó má baà máa fì kiri, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì kúrò níbẹ̀. Àǹtí Sípánà dúró níwájú. Ẹ́ńjìnnì náà ń dún bí ẹni tó jẹun yó, kò sí ikọ́, kò sí ìkùn nínú rẹ̀. Òun ló tún un ṣe. Ó mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ohun tó kù ò ju kó gbé ọwọ́ ọ̀tún síwájú orí lọ. Ó wo ìjókòó tó ṣófo, ó wo ojú ọmọ náà nínú gíláàsì, ojú tó ti ń nù láti kékeré. Ọwọ́ méjèèjì ló gòkè. Ó dábùú wọn.

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ kò bi í ní nǹkan kan. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì.

Àǹtí Sípánà sọ fún ara rẹ̀ pé ọjọ́ kan péré ni òun fi fà á sẹ́yìn, pé ara òun á ti le tó bá dọ̀la. Gbogbo wa la mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, àwọn tó ń kọ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ rẹ̀ tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀, wọ́n ń wá àìsàn tí kò sí. Wọ́n wo pílọ́ọ̀gì, wọ́n wo ọ̀nà epo, wọ́n tún gbogbo ibi tí wọ́n ti wò wò. Ọmọbìnrin kan nínú wọn fi irin bó ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ó fi àkísà wé e, kò sì dúró. "Bí Àǹtí bá ti gbọ́ nǹkan, nǹkan wà níbẹ̀," bó ṣe ń wí fún àwọn tó kù nìyẹn. Bàbá Gíríìsì wá, ó dúró, ó wo Àǹtí Sípánà, ó lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti tò ó padà láìrí nǹkan kan.

Ní ìrọ̀lẹ́, nínú yàrá méjì tí wọ́n fún un ní ìlà ilé àwọn òṣìṣẹ́, ó gbé ìrẹsì àti ẹyin díndín síwájú àbúrò rẹ̀. Ó ti múra sílẹ̀ de ìbínú. Ọmọ náà ti wẹ̀, ó jókòó, ń ṣe ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Àǹtí mi, kí lẹ gbọ́ gan-an?"

"Ohùn kan ni."

"Ohùn báwo?"

"Jẹun jàre, ó ń tutù."

Ó bu ìrẹsì sẹ́nu. "Àwọn kan ń kùn ní kíláàsì wa o. Wọ́n ní kí ló dé tó jẹ́ pé èmi ni. Mo ní kí wọ́n panu mọ́. Mo ní bí ẹ̀gbọ́n mi bá sọ pé bàálù ò dá, kò dá nìyẹn. Díẹ̀ ló kù kí èmi àti ẹnì kan ja ìjà lórí ẹ̀."

"Ìgbìmọ̀ ńkọ́?"

"Kí wọ́n kúkú ní kí n lọ máa pín bàtà. Ó sàn ju kí n gbé nǹkan tẹ́ ẹ ti ní kò dá lọ sókè." Ó gbé ṣíbí kalẹ̀, ó wò ó. "Ẹ ṣeun, Àǹtí mi. Ẹ̀mí mi lẹ gbà là lónìí."

Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn. Àǹtí Sípánà dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo omi tó wà lórí iná. Kò sí omi lórí iná. Ó dúró ní ilé ìdáná, ó fọwọ́ ti ògiri, ojú sì tì í lójú ìkòkò àti abọ́. Ó ti gba ọmọ náà sílẹ̀ lọ́wọ́ bàálù tí kò ṣe é ní nǹkan kan, ohun tí ọmọ náà ń fẹ́ láyé ló sì fi san owó rẹ̀. Ọmọ náà tún ń dúpẹ́.

Àṣà ibùdó náà ni pé ẹni tó bá dábùú ọwọ́ ló máa bá olùkọ́ gòkè nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dán bàálù náà wò. Ó bọ́gbọ́n mu: ẹni tó ní ọbẹ̀ ò dùn, kó wá tọ́ ọ wò. Àṣírí kan sì wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Àǹtí Sípánà kì í fẹ́ gòkè. Obìnrin tó lè dijú tú ẹ́ńjìnnì, bí wọ́n bá ti gbé e ga ju òrùlé lọ, òógùn ló máa ń bò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ó jókòó ti Ọ̀gá Jẹ́jẹ́, ó de bẹ́líìtì mọ́ra débi tí kò fi lè mí dáadáa, ilẹ̀ sì bọ́ kúrò lábẹ́ wọn.

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ yí sápá òsì, ó yí sápá ọ̀tún. Inú nǹkan tí wọ́n fi bo etí ni wọ́n ti ń gbọ́ ara wọn. "Àǹtí, ṣé ẹ ti gbọ́ ọ?"

"Mi ò tíì gbọ́ ọ, sà."

Ó fa ọ̀pá kan sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó kù díẹ̀ kó dákẹ́. Àǹtí Sípánà di ìjókòó mú, ó ń dúró kí wọ́n já bọ́ bí àgbọn. Wọn ò já bọ́. Bàálù náà kàn tẹrí ba díẹ̀, ó ń yọ́ lọ lórí afẹ́fẹ́.

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ní, "Bó ṣe máa ń ṣe nìyí bí ẹ́ńjìnnì bá kú. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún àbúrò yín lọ́jọ́ kan, mi ò sọ fún un tẹ́lẹ̀. Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní, 'Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan.' Ó gbé wa wálẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin kalẹ̀."

"Kò sọ fún mi."

"Ó ní tóun bá sọ ọ́, ẹ ò ní sùn."

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ti ọ̀pá náà padà, ẹ́ńjìnnì gbóhùn sókè. Ó wá béèrè láìwo ojú rẹ̀, "Àǹtí, bàálù yìí ò ráhùn. Ta ló ń ráhùn?"

"Èmi ni, sà." Omi ti ń dà lójú rẹ̀. "Kò sóhùn kankan. Irọ́ ni mo fọwọ́ mi méjèèjì pa."

Ọkùnrin náà ò pariwo. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń pariwo. Ó ní, "Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé bò mọ́lẹ̀."

"Ẹ jẹ́ n fi ẹnu ara mi sọ ọ́."

"Ó dáa. Ẹ sọ ọ́ kíá, torí ìgbìmọ̀ ò ní dúró de ẹnì kan."

Bí wọ́n ṣe balẹ̀, Bàbá Gíríìsì àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti dúró sẹ́nu háńgà, wọ́n ń retí kí wọ́n gbọ́ ohun tí wọn ò rí lánàá. Àǹtí Sípánà kò jókòó, kò mu omi. Ó ní, "Nǹkan kan bọ́ lọ́wọ́ mi lánàá, mo sì fi pamọ́. Ẹ́ńjìnnì yẹn ò ní àrùn kankan. Ẹ̀rù ló bà mí nítorí àbúrò mi, mo wá dábùú ọwọ́. Ẹ fi gbogbo ọjọ́ ṣe iṣẹ́ irọ́ nítorí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

Ọmọbìnrin tó bó lọ́wọ́ ń wo àkísà tó fi wé e. Àwọn ọmọ tó máa ń bẹ̀rù ojú Àǹtí Sípánà, ó yà wọ́n lẹ́nu pé òun ló ń wo ilẹ̀ lónìí.

Bàbá Gíríìsì ló dáhùn, ohùn rẹ̀ ò sì dùn. "Ẹyin lọ̀rọ̀, ọwọ́ wa níbí náà ẹyin ni. Látòní lọ, bó o bá dábùú ọwọ́, ẹlòmíràn máa gbọ́ ẹ́ńjìnnì yẹn ká tó gbà. Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe máa ṣe é títí ọkàn wa á fi balẹ̀ sí ọ."

Ìyà yìí wúwo fún un ju kí wọ́n gé owó oṣù rẹ̀ lọ. Etí yìí ni gbogbo ohun tó ní láyé, yàtọ̀ sí ọmọ náà. "Mo gbà, Bàbá," ó ní.

"Ó ku ẹnì kan tó yẹ kó gbọ́. Ẹ̀yìn rẹ ló wà."

Ó yíjú. Àbúrò rẹ̀ dúró síbẹ̀ nínú aṣọ awakọ̀ rẹ̀, fìlà irin wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Irọ́ ni, Àǹtí?"

"Irọ́ ni."

"Ìyẹn ni pé irọ́ ni mo fẹ́ torí ẹ̀ jà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó rìn lọ sídìí bàálù, ó fọwọ́ kan abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀, ó tún rìn padà. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ṣé ẹ rò pé mi ò lè gbé e wálẹ̀ ni?"

"Mo mọ̀ pé o lè gbé e wálẹ̀. Èmi ni mi ò lè..." Ó fọwọ́ di sípánà inú àpò àyà rẹ̀ mú. "Ìyá wa ní kí n má jẹ́ kó o ṣubú. Kò sọ ìgbà tí iṣẹ́ yẹn máa parí fún mi."

Ọmọ náà wò ó títí. Inú ṣì ń bí i, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nǹkan rọ̀ díẹ̀ lójú rẹ̀. Ó sún mọ́ ọn, ó sì rọra sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn gbọ́, "Àǹtí mi, ẹ sọ̀ mí kalẹ̀. Ẹ̀yìn yín ni mo ṣì wà, ẹsẹ̀ mi ti ń wọ́lẹ̀."

Ẹnì kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bú sẹ́rìn-ín kó tó rántí pé kì í ṣe ibi ẹ̀rín. Àǹtí Sípánà náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ wo òkè, ó wo ọ̀nà ibi tí ilé ìgbìmọ̀ wà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sunkún tó bá yá. Jẹ́jẹ́ náà, àmọ́ kíákíá."

Ẹnì kan béèrè ta ló máa dúró níwájú bàálù. Bàbá Gíríìsì ní, "Ta lẹ tún ń wá? Ẹni tó dì í náà ni kó tú u."

Ọmọ náà gun orí ìjókòó. Bẹ́líìtì dábùú ìjókòó kejì tó ṣófo. Ẹ́ńjìnnì dún, ó sì dún dáadáa. Àǹtí Sípánà dúró síbi tó dúró sí lánàá. Ẹ̀rù ọ̀hún ò tíì lọ o. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀rù máa ń kọ́kọ́ lọ kí èèyàn tó ṣe ohun tó yẹ, irọ́ ló ń pa. Ó jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó gbé e dé iwájú orí, ó na ìka rẹ̀ gbọọrọ, ó ṣe sàlúútù fún àbúrò rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe é fún àwọn ọ̀gá. Láti inú gíláàsì, àbúrò náà dá a padà.

Bàálù yí, ó lọ, ó sáré, ó gbéra.

Ojú lásán ni àwọn tó kù fi ń wò ó. Àǹtí Sípánà ò lè wò. Ó dijú, ó ń fetí tẹ̀ lé e. Ó gbọ́ ọ nígbà tó ń gòkè, ó gbọ́ ọ nígbà tó yí, ó gbọ́ ọ nígbà tó jìnnà débi tí kò ku nǹkan kan ju bí ìgbà tí kòkòrò bá ń kùn nínú igo. Ó wá tún bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ tòsí. Ó gbọ́ ọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni táyà kan ilẹ̀, ó fò díẹ̀, ó tún kan ilẹ̀, kò sì fò mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pariwo, Bàbá Gíríìsì ń nu imú, ó ní eruku ni. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ti ń yára lọ sílé ìgbìmọ̀ láti sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó kù mọ́, ẹni ìkẹyìn ti dá lọ, ó sì ti dá bọ̀.

Nígbà tí abẹ̀bẹ̀ dúró, ọmọ náà ṣílẹ̀kùn, ó fò sílẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ní, "Àǹtí mi, ó dùn o! Ó dùn ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ!"

Àǹtí Sípánà mọ̀ pé kò yẹ kí òun béèrè. Ó béèrè ẹ̀. "Nígbà tó o wà lókè, ṣé o rántí mi?"

Ọmọ náà fẹ́ dáhùn, ó dúró. Bóyá ó rò pé irọ́ tí wọ́n ti pa níbẹ̀ ti tó. "Rárá o, Àǹtí mi," ó ní. "Mo gbàgbé yín pátápátá."

Ọ̀rọ̀ náà gún un, inú rẹ̀ sì dùn, ìkan ò dúró de ìkan. Ó wo ojú ọmọ náà, kò sí ẹ̀rù kankan níbẹ̀, kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ rí. Gbogbo ẹ̀rù tó wà láàárín àwọn méjèèjì, òun nìkan ló ti ń gbé e.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. "Máa lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ, wọ́n ń dúró dè ọ́."

Ọmọ náà ti ń sáré lọ kó tó sọ ọ́ tán. Àǹtí Sípánà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú igi tí wọ́n fi ń há táyà. Iwájú rẹ̀ gan-an ni igi náà wà, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ wá a kiri kó tó rí i, torí omi ló kún ojú rẹ̀. Ó há táyà tọ̀tún, ó há tòsì. Nígbà tó gbójú sókè, àbúrò rẹ̀ ti dé àárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ti gbé e sókè, kò sì bojú wẹ̀yìn.